Họ́ọ̀kì Tòkunbọ̀ Tó Já Lọ́nà Alesa

Inú ṣì ń bí Bọ́sẹ̀dé. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí fún ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ má baà rò pé ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ ló ni ìtàn yìí. Ọdún kẹta rèé tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ bó bá ti rántí, á dà bí ẹni pé òní ló ṣẹlẹ̀.

Ó ń bínú sí ọkọ rẹ̀. Ó sì ń bínú sí ara rẹ̀. Èyí kejì yìí ló jẹ́ kó ní kí n kọ ọ́ jáde, kí ẹlòmíràn lè fi tirẹ̀ kọ́gbọ́n.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ni Bọ́sẹ̀dé ń ṣe ní Port Harcourt. Akínwándé, ọkọ rẹ̀, jẹ́ ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́, Old GRA ni wọ́n sì ń gbé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí Bọ́sẹ̀dé ti há mọ́ yàrá àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ó ra kárávàn tòkunbọ̀ kan, ilé kékeré orí táyà, ó kó ẹ̀rọ àyẹ̀wò ojú àti àwọn gíláàsì rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní òun kò ní jókòó máa retí èèyàn mọ́, òun á máa wọ́ ilé ìwòsàn òun tọ̀ wọ́n lọ.

Ọlọ́run gbọ́ ọ. Iléeṣẹ́ kan ní Alesa, ní agbègbè Eleme, ní kó wá yẹ ojú àwọn awakọ̀ táńkà wọn wò, ogóje awakọ̀. Mọ́ńdè ni kó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà ńlẹ̀. Bí wọ́n bá ti so kárávàn náà mọ́ Hilux rẹ̀, ìdí ọkọ̀ á rì wálẹ̀, iwájú rẹ̀ á gbéra. Sítíárì á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ohun tí kò so mọ́ nǹkan kan.

Ó wà á lọ sọ́dọ̀ Yísà ní Borokiri. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Yísà, jórinjórin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún kẹfà nìyẹn tó ti ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe. Bàbá Sherif ni Bọ́sẹ̀dé máa ń pè é.

Yísà bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí ọkọ̀, ó fi téèpù wọn iwájú rẹ̀ láti ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú kárávàn, ó tún un wọ̀n.

"Màdáámù, ọkọ̀ yín ti gbé iwájú sókè. Ìdí nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù. Họ́ọ̀kì alápá lẹ nílò."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní orí irin tó máa wọ ìdí ọkọ̀, ó sì ní ọ̀pá gbọọrọ méjì bí apá. Ṣéènì la fi ń so àwọn ọ̀pá náà mọ́ ọrùn kárávàn. Bá a bá ti fà wọ́n le, wọ́n á pín ẹrù náà síwájú, ọkọ̀ á sì dúró pẹrẹsẹ. Tuntun ṣòro láti rí níbí, tòkunbọ̀ la máa wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ rà á o. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà bo àìsàn irin tòkunbọ̀. Àfi kéèyàn họ ọ́ kó tó mọ̀."

Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé délé tó sọ ọ́, Akínwándé rẹ́rìn-ín títí.

"Jórinjórin ló fẹ́ bá ẹnjiníà lọ yan irin? Fi sílẹ̀. Màá lọ rà á fúnra mi."

Ó sì lọ ní òun nìkan. Wẹ́sìdeè ló gbé e dé, irin dúdú tó ń dán gbinrin. Bọ́sẹ̀dé fọwọ́ rá a, inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kejì Akínwándé gbé e lọ bá Yísà pé kó bá àwọn dè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni Yísà pe Bọ́sẹ̀dé lórí fóònù. Bọ́sẹ̀dé ń to gíláàsì sínú kárávàn, kò gbé e. Yísà tún pè, kò tún gbé e. Ní ìgbà kẹta ó gbé e tìbínútìbínú.

"Bàbá Sherif, kí ló dé?"

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín lójúkojú. Ọ̀rọ̀ irin yẹn ni."

"Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́. Kí lèmi mọ̀ nípa irin?"

"Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́, Màdáámù. Ìdí nìyẹn tí mo fi—"

"Ó ti tó! Ẹ̀yin méjèèjì ẹ yanjú ẹ̀. Mọ́ńdè ni mò ń lọ Alesa, irin yẹn gbọ́dọ̀ wà nídìí ọkọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ráyè."

Ó pa fóònù.

Níbí yìí, Bọ́sẹ̀dé ní kí n má bò ó. Ohùn Yísà kò dùn létí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé tí òun bá dá ọkùnrin náà lóhùn, òun á gbọ́ ohun tó máa ba Mọ́ńdè jẹ́. Ogóje awakọ̀ ń dúró dè é. Iṣẹ́ tó ti ń gbàdúrà fún láti ọdún mẹ́wàá ló ń kanlẹ̀kùn. Kò fẹ́ gbọ́ ni. Kì í ṣe pé kò ráyè.

Ní Sátidé, ó ti ọjà Creek Road dé, ó rí i pé wọ́n ti de họ́ọ̀kì náà mọ́ Hilux. Akínwándé ń fi epo kẹrosíìnì nu ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Sherif ti parí ẹ̀?"

"Ó ti parí ẹ̀," ni Akínwándé wí. Kò gbójú sókè.

Wọ́n so kárávàn mọ́ ọn. Ọkọ̀ dúró pẹrẹsẹ lóòótọ́. Bọ́sẹ̀dé dì mọ́ ọkọ rẹ̀ níwájú ilé, ó ní, "Olówó orí mi, o ṣeun."

Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ló gbéra. Tèmiolúwa, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló jókòó tì í. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, Iléṣà ló ti wá láti wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọmọ yẹn ti wọ aṣọ funfun, ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí báàjì kékeré kan láyà.

"Sister mi, ọkọ̀ yìí mà ń lọ jẹ́ẹ́," ló ń wí bí wọ́n ṣe kọjá Eleme Junction.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ihò rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé rọra ń yà fún wọn. Ó yà fún àkọ́kọ́, ó yà fún ìkejì. Táyà ẹ̀yìn kó sínú ìkẹta.

Ó gbọ́ "pàù!" bí ìgbà tí ìbọn bá dún.

Orí irin náà ti là sí méjì. Ọ̀pá kan fò jáde, ó ń họ títì bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ṣéènì kan ṣoṣo ló di kárávàn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sọ́tùn-ún sósì, ó ń fa Hilux tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé di sítíárì mú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó ń pariwo Jésù. Táńkà kan ń bọ̀ níwájú. Ó yà kúrò lọ́nà rẹ̀, ọkọ̀ sì já sínú gọ́tà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Tèmiolúwa jókòó sí ló fi kọ lu kọnkéré.

Kárávàn dojú dé. Gíláàsì ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́ sójú títì.

"Sister! Ẹsẹ̀ mi! Sister, ẹsẹ̀ mi!"

Àwọn ọlọ́kadà ló sáré wá. Ọ̀kan nínú wọn ń kígbe pé, "Make nobody drag am! Hold the leg straight, abeg!" Wọ́n fi irin já ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí ọmọ náà gbé jáde. Egungun ti yọ síta lábẹ́ orúnkún.

Ní ọsibítù, dókítà ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní ẹsẹ̀ náà ti ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, Tèmiolúwa á rìn, ṣùgbọ́n àwọn kò lè ṣèlérí pé ẹsẹ̀ méjèèjì á gùn dọ́gba mọ́.

Bọ́sẹ̀dé ló pe ìyá wọn ní Iléṣà. Ẹ fojú inú wò ó. Ìyá yẹn kò bú u, kò sunkún. Ohun tó sọ kò ju, "Bọ́sẹ̀, ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́," lọ.

Láti orí gbólóhùn yẹn ni ìbínú ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọkùnrin tó wọ́ ọkọ̀ náà kúrò lójú títì gbé orí irin tó là náà wá fún un nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Bọ́sẹ̀dé tẹjú mọ́ ọn. Kì í ṣe òní ló là. Ìpẹtà ti wà nínú ibi tó là, wọ́n sì ti jó o pọ̀ rí. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ọ̀dà dúdú wà, ọ̀dà náà sì ṣì ń rùn.

"Ẹni tó de irin yìí rí i," ló wí. "Ó rí i, ó fi ọ̀dà bò ó, ó ní ká máa lọ kú."

Akínwándé dúró tì í nínú gbọ̀ngàn ọsibítù náà. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, ìjàǹbá ni. Jẹ́ ká gbájú mọ́ Tèmi ná."

"Ìjàǹbá? Ṣé o rí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn? Yísà máa ṣàlàyé fún mi."

Ó ti di Yísà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Sherif ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi dandan mú ọkọ rẹ̀ lọ sí Borokiri. Àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, àwọn jórinjórin ẹgbẹ́ Yísà, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́sẹ̀dé da irin náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, gbàgà.

"Yísà! O ti sọ àbúrò mi di arọ!"

Yísà dìde. Ó wo irin náà, ó gbé ọwọ́ lórí. "Yéè! Wọ́n lò ó? Màdáámù, wọ́n padà lò ó?"

"Ta ni 'wọ́n'? Ìwọ kọ́ lo dè é?"

"Ọlọ́run gbọ́, kì í ṣe èmi ni mo dè é. Màdáámù, ẹ fara balẹ̀, ẹ bi ọ̀gá—"

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Fìlà Yísà bọ́ sílẹ̀ sínú eruku irin, kò sì mú un. Ó ń wo Akínwándé.

Bọ́sẹ̀dé náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Wàá sọ̀rọ̀ àbí o ò ní sọ̀rọ̀? Ṣé òun kọ́ ló de irin yìí?"

Àwọn èèyàn ń wo ẹnu Akínwándé.

"Òun ló dè é," ló wí.

"Ọ̀gá." Ohùn Yísà wálẹ̀ gan-an. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Bọ́sẹ̀dé kò fetí sí i. Ó ti ń pe ọlọ́pàá. Wọ́n dé, wọ́n dì í mú nígbànú ṣòkòtò bí olè, wọ́n wọ́ ọ wọ ọkọ̀. Ẹnì kan láàárín èrò ń wí pé, "So this man don dey kill people with him weld?" Bọ́sẹ̀dé gbọ́ ọ, ó sì dáhùn pé, "Yes o! Make una carry una motor commot for here!" Àwọn oníbàárà méjì wọ ọkọ̀ wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni Yísà fi wà ní àtìmọ́lé. Ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀rí wà nínú fóònù òun, pé òun fi í sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń bá òun fi iná sí i. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ní Tọ́sìdeè, Bọ́sẹ̀dé àti Akínwándé lọ sí tẹ́ṣàn láti lọ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ti kọ ojú ewé méjì. Bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó le jù fún ìparí rẹ̀ ni Sàlímọ́tù, ìyàwó Yísà, wọlé. Creek Road ló ti ń bọ̀, ìyẹ̀fun gààrí ṣì wà lára ìró rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá ọlọ́pàá.

"Oga police, I no sabi read. But I sabi hear. Make you hear am."

Ó tẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohùn Yísà jáde nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, Yísà ni. Mo ti họ ọ̀dà ara irin yẹn. Orí rẹ̀ ti là dé ibi ihò nọ́ọ̀tì, wọ́n ti jó o pọ̀ rí. Ọ̀gá, mi ò lè de èyí. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á."

Ohùn kejì tẹ̀ lé e. Bọ́sẹ̀dé mọ ohùn náà kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó parí. Ohùn tó ń gbàdúrà lórí oúnjẹ nínú ilé rẹ̀ ni.

"Yísà, má da ara ẹ láàmú. Ìlà kékeré lásán ni. De irin náà."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Tí Màdáámù bá fi èyí dé Alesa, Ọlọ́run ló gbé wọn débẹ̀. Mi ò ní dè é. Mo máa sọ fún wọn."

"O ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi! Fi irin yẹn sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé e. Màá wo fídíò, màá dè é fúnra mi. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ irin?"

Fóònù dákẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ó ń wo ojú wọn. Ó bi Bọ́sẹ̀dé pé, "Madam, who be the second voice?"

Sàlímọ́tù ló nawọ́ sí Akínwándé. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bọ́sẹ̀dé.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yẹ ojú ayé wò. Ọkọ mi pè yín nígbà mẹ́ta lójú mi. Ìgbà mẹ́ta! Ẹ fi àbàrá san án fún un níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀."

Bọ́sẹ̀dé yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ lo kun ún?"

"Bọ́sẹ̀, jẹ́ ká jáde síta—"

"Níbí! Ìwọ lo fi ọ̀dà kun ún?"

"Ojú ló tì mí," ni Akínwándé wí. Ẹnjiníà náà ń laagùn bí ẹni tó sáré. "Mo ti fi Yísà rẹ́rìn-ín. Mi ò lè padà wá sọ pé ẹlẹ́rù tòkunbọ̀ lù mí ní jìbìtì. Mo rò pé ó máa gbé yín dé Alesa. Lẹ́yìn ìyẹn màá wá òmíràn."

"Ìyẹn yé mi. Ní Borokiri ńkọ́? Mo bi ọ́ lójú gbogbo ayé. Ọmọ ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Yísà dúró níwájú ẹ, o ní òun ló dè é. Ta lo jẹ́ gan-an, Akínwándé?"

Bọ́sẹ̀dé gbé ìwé tó ti kọ, ó fà á ya. Ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i, ó kọ ohun tó ṣe sí i, ó sì kọ ohun tí òun náà ṣe. Wọ́n tú Yísà sílẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà, ibi tó ti dùbúlẹ̀ sí ni Akínwándé sùn.

Àwọn ẹbí ọkọ bínú. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí tẹ́ṣàn? Pásítọ̀ wá, ó ní ìfẹ́ a máa bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́sẹ̀dé dá a lóhùn pé, "Pásítọ̀, ọ̀dà náà bo irin mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ Tèmi." Ó kó àbúrò rẹ̀ kúrò ní Old GRA, àwọn méjèèjì ń gbé ilé oníyàrá méjì. Akínwándé ṣì ń wá bẹ̀ ẹ́. Bọ́sẹ̀dé ní òun lè dárí àṣìṣe orí irin jì í, nítorí ẹnikẹ́ni lè ra ohun tó là. Èyí tó sọ ní ṣọ́ọ̀bù Borokiri ni òun kò tíì mọ bí òun ṣe máa gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ nìyẹn. Ti Bọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ kù.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà lọ sí Borokiri ní ọ̀sán gangan, nígbà tí èrò pọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí eruku irin. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, ó fi Pijin sọ ọ́, pé ọkùnrin yìí kò ṣe nǹkan kan, pé ó kìlọ̀ fún òun, òun ni kò fẹ́ gbọ́, òun ni òun sì nà án. Àwọn kan mi orí. Àwọn kan ń ya fídíò.

Yísà fi iná sílẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ dìde, Màdáámù. Mo ti gbọ́. Kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ àbúrò yín sàn."

Ó rọrùn jù, àbí? Bọ́sẹ̀dé náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́jọ kọjá, tí Tèmiolúwa ti ń fi ọ̀pá rìn, tí wọ́n ti tún kárávàn ṣe, ó wá họ́ọ̀kì alápá mìíràn, ó gbé e lọ bá Yísà. Ó ní kó họ ọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó bá òun dè é, ó ní kò sí ẹlòmíràn tí òun lè fọkàn tán lórí rẹ̀ ní gbogbo Port Harcourt.

Yísà bẹ̀rẹ̀, ó wo irin náà fún ìgbà pípẹ́. Kò fọwọ́ kàn án.

"Irin tó dáa ni, Màdáámù. Àmọ́ ẹ gbé e lọ bá ẹlòmíràn. Tí nǹkan kékeré bá ṣe é lọ́nà, àwọn ọmọ mi á tún máa rí i tí wọ́n ń fi ìgbànú ṣòkòtò wọ́ mi. Mi ò ní yín sínú. Ẹ ṣáà gbé e lọ."

Bọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́ títí. Yísà ń dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń bi í léèrè àlàáfíà Tèmiolúwa, ó ní kí wọ́n gbé àga fún un. Nígbà tó yá, ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀ padà, ó ṣáná sí irin ẹlòmíràn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.